Ṣé a lè kó ọmọ kékeré lọ rìn ní Erédò?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, èyí àgbà jẹ́ ọdún 7, ìkejì ọdún 4, àbígbẹ̀yìn ò tíì pé 2, ẹ̀yìn mi ló ṣì ń gbé. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ti fẹ́ gbà wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́, mo wá ní kí èmi àti bàbá wọn kó wọn lọ sí Erédò, yàrà àtijọ́ yẹn, ní Òkè-Èrí tí wọ́n bá gba holidé, ká rìn ín títí dé òpin. Ìyá ọkọ mi ní kí n má dán an wò, pé obìnrin kì í débẹ̀, pé ejò sì pọ̀ ńbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. "Títí dé òpin" tẹ́ ẹ sọ yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Erédò lé ní 160 kìlómítà, oko ti gbà á níbì kan, títì ti gé e níbòmíì, ta ló fẹ́ rìn ín tán, ṣé ọmọ ọdún 4 ni àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọnmọ? Ẹ gbàgbé ibi tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 4 yẹn ṣíwájú, ibi tó bá dúró sí ni kí gbogbo ilé dúró sí, tó bá sì ní ó ti rẹ òun, ẹ yí padà, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú 30 péré lẹ tíì lò. Bàbá wọn lẹ máa bá fà á, torí àwọn ọkùnrin wa, tí wọ́n bá ti wọ kàńfáàsì báyìí, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà parí sí (mi ò bú wọn o).

Ọ̀rọ̀ màmá ò ṣe é jù sẹ́yìn, àmọ́ nǹkan méjì ni wọ́n pa pọ̀. Yàrà lọ́tọ̀, ibojì lọ́tọ̀. Ibi tí wọ́n ní wọ́n sin Bilikísù Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n ní ó ni kí wọ́n gbẹ́ yàrà yẹn, sí ní Òkè-Èrí ni obìnrin kì í wọ̀, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ á fi ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí hàn yín, ẹ ṣáà dúró síbẹ̀. Inú yàrà ní tiẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló ń wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ẹ má kàn já wọgbó o, ẹ yà kí àwọn àgbà ìlú kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fún yín lẹ́nì kan tó mọ ọ̀nà, ẹ fún onítọ̀hún ní nǹkan dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ ọdún 7 yẹn pé wọ́n gbẹ́ ẹ ni, kì í ṣe pé Ọlọ́run dá a bẹ́ẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n fi mọ odi sétí ẹ̀, ibì kan wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20, kò sì sí katapílà nígbà yẹn, ó ti lé ní 500 ọdún dáadáa. Àwọn ará ibẹ̀ ní Bilikísù, obìnrin olówó tí ò rọ́mọ bí, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kórúkọ òun má bàa parẹ́. Àwọn mìíì tiẹ̀ ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì, ìtàn yẹn dùn lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ orí yàrà ò bá a mu rárá lójú tèmi. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé sára ogún àgbáyé.

Nísàlẹ̀, ara odi yẹn máa ń tutù, ewéko wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ti bò ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹ sì máa wo etí ọ̀nà fún patanmọ́, torí òun gan-an ló máa gba àárọ̀ yín. Ọmọ á fọwọ́ kan ewé kan, á rí i tí wọ́n ń padé ní méjì-méjì tẹ̀lé ara wọn títí gbogbo ẹ̀ á fi wólẹ̀, á wá ní òun ò kúrò níbẹ̀ àfi tó bá tún ṣí, kò sì ní ṣí kíá, ó lè tó ìṣẹ́jú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jókòó dè é. Ìgbà yẹn lẹ máa mú omi àti ọ̀jọ̀jọ̀ jáde. Ẹ̀gún wà lára igi ẹ̀ ṣá o. Tí wọ́n bá rí ọ̀kùn tó ká ara ẹ̀ kò, wọ́n lè wò ó títí, àmọ́ kí wọ́n má fọwọ́ tí wọ́n fi gbé e nu ojú, oje ẹ̀ máa ń ta ni. Wèrèpè ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn kí wọ́n mọ̀ lójú kí wọ́n tó fara kàn án.

Ejò wà, màmá ò parọ́. Ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀, bàtà tó bo ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ sí sálúbàtà, kí ẹni tó mú yín lọ máa fi igi lu ilẹ̀ níwájú, kẹ́nikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ igi tó wó. Tí ejò bá wá bù ẹnì kan jẹ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má so ó le, ẹ gbé onítọ̀hún kó má rìn, ọsíbítù tààrà. Ọ̀já ni kẹ́ ẹ fi pọn èyí kékeré, kẹ̀kẹ́ ọmọ ò wúlò níbẹ̀. Tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ sún un sọ́jọ́ mìíì, amọ̀ yẹn máa ń yọ̀ burúkú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣàgámù lèmi ń gbé. Ọmọkùnrin mi ọdún 5 gbọ́ pé erin wà nígbó Omo, kò jẹ́ n rímú mí. Ṣé kí n mú un lọ?

ÌDÁHÙN: Bàbá, rárá o. Erin ṣì wà ńbẹ̀ lóòótọ́, lágbègbè tí wọ́n ń pè ní J4 ní Ìjẹ̀bú East, UNESCO sì ti ka igbó yẹn kún àwọn ibi tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò láti 1977, àmọ́ erin inú igbó kìjikìji máa ń sá pamọ́ fún èèyàn ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ lẹ lè rí, tẹ́ ẹ bá sì wá ṣe kòńgẹ́ ìyá erin tó kó ọmọ dání, ẹ̀yin àti ọmọ ọdún 5 ò ní lè sá a. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wọ̀ ọ́.

Kí lẹ tiẹ̀ ń wá lọ síbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà ní Rẹ́mọ, nínú oko obì? Abẹ́ igi obì tutù, ilẹ̀ ẹ̀ kì í ní igbó púpọ̀ tó bá jẹ́ oko tí wọ́n ń ro. Láti bí oṣù kẹwàá tí wọ́n bá ti ń ká a, ẹ ní kí wọ́n la èso kan fún un kó rí obì tó to jọ nínú ẹ̀ pẹ̀lú awọ funfun lára, kó bó o, kó wá ka awẹ́: méjì péré ni ti gbànja, ti abàtà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á máa ka gbogbo èyí tó bá rí ni, ọjọ́ á sì lọ. Ẹ bi olóko tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé o, owó ni obì, èyí tí ọmọ bá sì jẹ lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ máa san án.