Ṣé a lè rí owó ṣòwò gbà lórí áàpù láìsan èlé, ní ìlànà Islam?

Ẹ ní gààrí lẹ ń tà ní ọjà Bísí, Adó-Èkìtì, ẹ ò sì fẹ́ jẹ ribá, ìyẹn èlé. Ó ṣeé ṣe.

Mùràbáhà, ìyẹn kí wọ́n ra ọjà kí wọ́n sì tà á fún yín lérè, ló wọ́pọ̀ jù. Ká ní ẹ nílò àpò gààrí 10, àpò kan ₦30,000. Àwọn olówó á dá ₦300,000 jọ lórí áàpù, wọn á fi ra gààrí ọ̀hún kó di tiwọn ná, kí wọ́n tó tà á fún yín ní ₦330,000, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Iye yẹn ò gbọdọ̀ lé mọ́, kódà bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó san tán. Ibi tó yẹ kí ẹ lajú sí nìyí o: bí wọ́n bá kàn fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín, tí wọ́n ní kí ẹ dá a padà pẹ̀lú owó lé, ribá ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Ní ti mùṣárákà, ìyẹn àjọdá òwò, ẹ̀yin àtàwọn olówó ni ẹ jọ máa pín èrè. Bí òfò bá dé, kálukú á gbé e níwọ̀n owó tó dá.

Àwọn onímọ̀ Islam ní Indonesia ti gbé fátíwà (ìdájọ́ ẹ̀sìn) jáde lórí irú ètò yìí ní 2018. Ní Nàìjíríà, SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ṣe òfin ìdáwójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2021. Ẹ wádìí bóyá SEC mọ àwọn tó ni áàpù náà, kí ẹ tó fún wọn ní BVN yín.