Ṣé gómìnà Ọ̀yọ́ lè kàn fi kún owó orí kí bọ́jẹ́ẹ̀tì lè bára mu?

Rárá o, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á lóòótọ́, àmọ́ àwọn aṣòfin Àbújá ló ń sọ iye tó máa jẹ́. VAT náà, ìyẹn owó tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, tó jẹ́ 7.5% látọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ló ń gbà á kí wọ́n tó pín in. Látọdún 2026 sì rèé, ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò ju 800,000 náírà lọ lọ́dún ò ní san owó orí yẹn mọ́. Ohun tó kù sọ́wọ́ gómìnà ò ju àwọn nǹkan bí owó ilẹ̀, owó ìwé mọ́tò àti kí wọ́n wá àwọn olówó tí kì í sanwó orí rárá kàn, ibẹ̀ gan-an lowó wà tẹ́ ẹ bá bi mí.

Kí wọ́n gé ìnáwó ńkọ́? Owó oṣù ò ṣe é gé, òfin ti ní kò gbọ́dọ̀ dín ní 70,000 náírà, pẹ́ńṣàn náà ò ṣe é fọwọ́ kàn, torí náà iṣẹ́ ọ̀nà àti ilé kíkọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa tì. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo LAUTECH, yunifásítì wa, látọdún 2020 tó ti di ti Ọ̀yọ́ nìkan, kò sí Ọ̀ṣun tó máa bá wọn gbé e mọ́, tí wọ́n bá dín owó ibẹ̀ kù, school fees ló máa lọ sókè, òbí náà ló ṣì máa san án! Tí kò bá tó síbẹ̀, wọ́n á yáwó, èlé ẹ̀ á sì wọnú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀.