Ṣé oúnjẹ inú ilẹ̀ àti ibi tí ìyá èpò ti dàgbà ń nípa lórí bí èpò ṣe ń hù?

Bẹ́ẹ̀ ni: oúnjẹ inú ilẹ̀ ń nípa lórí bí èpò ṣe ń yára dàgbà, ipò tí ìyá rẹ̀ wà nígbà tó ń so sì ń nípa lórí bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó àti ìgbà tí yóò hù.

Náítírójìn ṣe kókó gan-an. Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún máa ń rú níbi tí ajílẹ̀ bá pọ̀ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí ni pé náítíréètì, ìyẹn irú náítírójìn kan tó wà nínú ilẹ̀, tún ń jí hóró ọ̀pọ̀ èpò tó ń sùn nínú ilẹ̀. Striga, èpò tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn láti fa oúnjẹ rẹ̀, ni tirẹ̀ yàtọ̀: ilẹ̀ tó ti ṣá ló ti máa ń pọ̀ jù, torí gbòǹgbò àgbàdo tàbí ọkà bàbà tí kò rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó máa ń tú èròjà tó ń jí hóró Striga sílẹ̀.

Ní ti ìyá, hóró èyí tó jẹun kánú sábà máa ń wúwo, ọmọ rẹ̀ a sì tètè lágbára. Bí ooru bá mú nígbà tí hóró Avena fatua (èpò kan tó jọ ọkà oat) ń gbó, oorun rẹ̀ kì í wúwo, yóò tètè hù. Nínú èpò mìíràn tó ń jẹ́ Chenopodium album, ọjọ́ gígùn ló ń mú kí èèpo hóró nípọn, kó sì pẹ́ kó tó hù.

Ipa ìyá sábà máa ń hàn jù nígbà tí èpò bá ṣì kéré, kò sì rí bákan náà nínú gbogbo irú èpò.