Ọmọ ń tiro, ara rẹ̀ gbóná, X-ray ò fi nǹkan kan hàn

Ẹ ní ọmọ yín ọmọ ọdún 9 ti ń tiro láti ọjọ́ 4, ibà ò lọ, ó ti fi ojúgun gbá nǹkan tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní kò sí nǹkan kan nínú X-ray. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí X-ray yẹn fọkàn balẹ̀: ó lè jẹ́ àkóràn inú egungun. Kí egungun tó bàjẹ́ débi tí àwòrán á fi gbé e, ó máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14. Egungun tó dá ni X-ray tètè ń fi hàn.

Gbígbá yẹn náà lè ṣini lọ́nà. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò sábà máa ń gbà wọ egungun ọmọdé, ìpẹ̀kun egungun gígùn nítòsí oríkèé ló sì fẹ́ràn: ìsàlẹ̀ itan, òkè ojúgun, òkè apá. Ẹ fi orí ìka kan tẹ egungun ẹsẹ̀ tí kò dùn ún jẹ́jẹ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, ojú ọmọ ni kí ẹ máa wò. Kí ẹ wá ṣe ti ẹsẹ̀ kejì. Bó bá jẹ́ ojú ibì kan náà ló ń mú un fà sẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ má dúró kó wú. Ní itan, ẹran lè bo wíwú náà mọ́lẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà.

Ìrora ẹsẹ̀ ọmọ tó kàn ń dàgbà kì í rí báyìí. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló sábà máa ń mú, lálẹ́, kì í mú ibà dání, tílẹ̀ bá sì mọ́ ọmọ á máa sáré kiri.

Ẹ wọn ibà kí ẹ tó fún un ní paracetamol, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè CRP àti ESR (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ara ń bá nǹkan jà) àti blood culture (èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀), kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ti culture kí àǹtíbáyótíìkì àkọ́kọ́ tó wọlé bí ara ọmọ bá gbà á, torí oògùn tó bá ṣáájú lè fi kòkòrò náà pa mọ́. Iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò lọ sókè ò fi hàn pé kò sí àkóràn. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara láìlo X-ray, ló ń tètè rí i.

Bí oríkèé ò bá ṣeé ká rárá, ó lè jẹ́ ọyún ló wà nínú rẹ̀, wákàtí díẹ̀ sì ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹ yẹ ìgbáròkó wò pẹ̀lú, torí ìrora ibẹ̀ máa ń jáde sí orúnkún.

Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ṣòroó mọ̀ jù, nítorí ìrora egungun kì í ṣe tuntun sí i. Bí ìrora bá dúró sójú kan tí ibà ò sì lọ lẹ́yìn omi àti oògùn ìrora, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń fura sí àkóràn. Ìkókó ní tirẹ̀ lè máà ní ibà rárá: á kàn gbé apá tàbí ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láì mì í, á sì ké tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀.

Ìtọ́jú sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, láti inú iṣan kó tó di oníhóró. Ìrora á ti lọ tipẹ́ kí oògùn tó tán. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dáwọ́ dúró, tí egungun tó ti kú á fi kù sínú, tí ojú egbò á sì máa ṣọyún fún ọdún.