Ẹ Béèrè, Mo Dáhùn: Orin Tí A Fowó Rà, Ta Ló Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ orin ló kún inú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Iṣẹ́ gbígba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ ni mò ń ṣe kí n tó máa kọ ojú ìwé yìí, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo mọ bó ṣe ń rí lára olórin tí wọ́n ń pín iṣẹ́ rẹ̀ kiri láìfún un ní nǹkan kan. Mo sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó sanwó, tí wọ́n tún wá tìlẹ̀kùn mọ́ síta. Lẹ́tà bàbá kan ni mo fi ṣíwájú, torí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Láàárín 2005 sí 2007, mo ra orin rẹpẹtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ara mi ni mo fi rà wọ́n, mi ò gba ọ̀kan ṣoṣo lọ́nà ẹ̀bùrú. Ilé-iṣẹ́ tó tà wọ́n fún mi ti kógbá wọlé. Nígbà tí mo kó àwọn fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, wọn ò kọrin mọ́. Wọ́n ní kí n lọ gba àṣẹ. Ọwọ́ ta ni kí n ti gbà á? Ọmọ mi ní òun lè bá mi já àgádágodo rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ di olè lọ́jọ́ alẹ́.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ò jalè, ẹ má sì jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn yín. Ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tí òfin fẹ́, ẹ̀yin náà ni wọ́n wá fìyà jẹ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ń ta orin nígbà yẹn máa ń fi àgádágodo kan sínú fáìlì; DRM ni wọ́n ń pè é. Bí fáìlì náà bá ti dé orí kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, ti ilé-iṣẹ́ tó tà á láti gba kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ti pa sáfà yẹn, kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ra ilé, tí ẹni tó tà á ṣì ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri lọ́wọ́, tó wá rin ìrìn àjò tí kò ní bọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí. Microsoft ta orin lórí MSN Music títí di 2006. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2008, wọ́n kọ̀wé sí àwọn oníbàárà pé tí oṣù kẹjọ ọdún náà bá ti parí, àwọn ò ní fún kọ̀ǹpútà tuntun kankan ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Àwọn èèyàn figbe ta, wọ́n wá sún un di ìparí 2011. Yahoo náà kéde irú rẹ̀ ní 2008 kan náà; ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó ní àwọn á fún àwọn oníbàárà ní kúpọ́ọ̀nù kí wọ́n lè tún orin wọn gbà níbòmíràn láìsí àgádágodo. Kò sí èyí tó pé ọdún márùn-ún nídìí títa orin náà kó tó pa ilé-ìtajà rẹ̀ dé. Ẹ wá fi èyí wé kópíráìtì fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àdéhùn Berne, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí kópíráìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1886, ní lónìí pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin gbọ́dọ̀ wà fún ọdún 50 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì ti sún un dé ọdún 70. Olórin á ti kú tipẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ á ṣì wà láàyè. Àgádágodo tí wọ́n ní àwọn fi ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ náà ti bàjẹ́ nígbà tí olórin àti ẹni tó ra orin ṣì wà lókè eèpẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má pa àwọn méjèèjì pọ̀. Kópíráìtì jẹ́ ti ẹni tó ṣiṣẹ́ orin. Àgádágodo jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, ọjà tirẹ̀ ló sì ń ṣọ́.

Èyí tó burú jù lójú mi ṣẹlẹ̀ ní 2005. Ilé-iṣẹ́ Sony BMG fi sọ́fítíwíà kan sínú ọ̀pọ̀ síídì orin tí wọ́n ń tà. Bí ẹ bá fi síídì náà sínú kọ̀ǹpútà Windows yín láti gbọ́ orin, sọ́fítíwíà náà á wọlé, á fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kò sì ní hàn sí ẹni tó ni ín. Mark Russinovich, ẹni tó mọ inú Windows dunjú, ló bá a pàdé lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, tó sì tú àṣírí náà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní $sys$ ni sọ́fítíwíà náà ń fi pamọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kòkòrò tiwọn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kí ó lè ríbi sá sí. Nínú oṣù kọkànlá, Sony BMG ní kí wọ́n dá àwọn síídì náà padà. Ẹ rò ó wò, Bàbá. Ẹni tó gba orin náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà ẹ̀bùrú kò fara kó nǹkan kan. Ẹni tó wọ ilé-ìtajà lọ, tó san owó síídì, ni wọ́n bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́. Inú mi ṣì máa ń ru tí mo bá rántí rẹ̀.

Àwọn tó ń ta orin pẹ̀lú àgádágodo pàápàá mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù kejì 2007, Steve Jobs tó jẹ́ ọ̀gá Apple kọ lẹ́tà síta pé àgádágodo kò tíì dá jíjí orin dúró, ó sì lè má dá a dúró láé. Nígbà tó fi máa di 2009, Apple ti yọ ọ́ kúrò lára gbogbo orin tí wọ́n ń tà. Orin kò torí bẹ́ẹ̀ parun.

Ní ti ohun tí ọmọ yín sọ, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 ka jíjá àgádágodo fúnra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, kódà bó jẹ́ pé èèyàn fowó ra ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè míì ní òfin tó jọ ọ́. Òfin burúkú ni mo kà á sí níbi tí olùtajà bá ti kógbá wọlé, mo sì fẹ́ kí àwọn aṣòfin yí i padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ẹ kò fi ní já ohunkóhun. Ṣé kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ṣì ń tàn? Bí ó bá ń tàn, orin náà á ṣì máa kọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìtajà ìgbà náà gbà kí oníbàárà kọ orin tó rà sórí síídì lásán, irú èyí tí rédíò síídì ń kọ. Ẹ kọ wọ́n sórí síídì, kí ẹ sì tún kà wọ́n padà sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Kò ní sí àgádágodo lára wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Háádì dísìkì àtijọ́ kì í dágbére kó tó kú.

Ìbéèrè: Irú fáìlì wo ló dáa jù láti fi orin pamọ́ sí?

Ìdáhùn: FLAC, bí àyè bá wà lórí dísìkì yín. Kò gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lè gbowó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Bí àyè bá há, ẹ lo MP3. Láti 2017 ni wọ́n ti ṣíwọ́ gbígba owó pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀. Ibi méjì ni kí ẹ tọ́jú wọn sí o, kì í ṣe ibì kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò sí orin tó jáde tí kì í dáńlóòdù lọ́nà àìtọ́. Tí mo bá bá a wí, á ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni òun ń jà lólè, pé wọ́n ti kọ́kọ́ ja olórin lólè ná.

Ìdáhùn: Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòroó dá lóhùn. Àdéhùn kan wà tí ojú mi ti rí tí olórin fi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, tó jẹ́ owó táṣẹ́rẹ́ ló ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà léèrè: bí ọ̀gá kan bá ń rẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ, ṣé ìyẹn ló ní kí a gba táṣẹ́rẹ́ tó kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà?

Ẹ sọ fún un pé ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan. Ti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin wà lọ́tọ̀. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní mástà, wà lọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ lè ni mástà kí ẹni tó kọ orin náà ṣì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Taylor Swift lo ìyàtọ̀ yìí: wọ́n ta mástà àwọn àwo orin rẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ fún ẹlòmíràn ní 2019, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn orin náà kọ, ó ń gbé wọn jáde láti 2021, títí ó fi ra mástà àkọ́kọ́ náà padà ní 2025. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá gba orin láìsanwó, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló fi du lówó. Ó fi du ẹni tó kọ ọ́ náà.

Mi ò gbà pé olè ló wà lára àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí Napster, tí àwọn èèyàn fi ń pín fáìlì orin fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní 1999, àwọn èèyàn rọ́ lọ síbẹ̀ torí pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí orin kan ṣoṣo gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹjọ́ ló mú kí Napster ti ilẹ̀kùn ní oṣù keje 2001. Ṣùgbọ́n nígbà tí Apple ṣí ilé-ìtajà orin tirẹ̀ ní 2003, àwọn èèyàn sanwó, nítorí ó rọrùn. Bí ọmọ yín kò bá lówó, ẹ wá orin tí àwọn tó ni ín ti fi ìwé àṣẹ Creative Commons sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó pọ̀, ó sì dùn.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ akọrin wa gbé fídíò sórí YouTube. Orin ìsìn àtijọ́ la kọ, ẹni tó kọ ọ́ ti kú ó lé ní igba ọdún. Kíá ni wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ni orin náà. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ ló fi ìwé yẹn ránṣẹ́, kì í ṣe èèyàn. Láti 2007 ni YouTube ti ń lo Content ID, tó máa ń fi ohùn inú fídíò wé àwọn ohùn tí àwọn oníkópíráìtì kó fún un. Kò mọ̀ bóyá orin ti di ti gbogbo ayé. Kìkì pé ohùn jọra ló mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló lu dùùrù inú fídíò náà? Bó bá jẹ́ ohùn dùùrù tí ẹlòmíràn gbà sílẹ̀ lẹ fi kọrin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre, torí orin lè jẹ́ ti àtijọ́ kí ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ tuntun. Tító tí ẹnì kan tún orin náà tò náà lè ní kópíráìtì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lù, tí ẹ kọ, tí ẹ sì tò ó fúnra yín, ẹ tako wọn níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà láti fèsì. Bí kò bá fèsì, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìwé yìí kọ́ ni ìkìlọ̀ ńlá tó jẹ́ pé bó bá di mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ojúlé yín pa.

Ẹ má rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Warner/Chappell fi ń gbowó lórí orin ọjọ́ìbí tí gbogbo ayé ń kọ, Happy Birthday. Àwọn kan tó ń ṣe fíìmù lórí orin náà gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, ní 2015 adájọ́ ní wọn ò ní kópíráìtì tó múná dóko lórí ọ̀rọ̀ orin náà, ní 2016 wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 14 dọ́là padà. Ẹni tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn ló ṣí ojú gbogbo wa.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń san owó oṣooṣù lórí áàpù orin kan. Obìnrin olórin kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́. Ṣé owó mi ń dé ọwọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Díẹ̀ bíńtín, ọ̀rẹ́ mi. Lórí Spotify àti ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, àpò kan ni wọ́n ń da owó gbogbo yín sí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkópíráìtì, ìwọ̀n bí àwọn èèyàn ṣe gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan sí ni wọ́n sì fi ń pín in. Ó túmọ̀ sí pé orin tí ẹ kò gbọ́ rí ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín. Láti 2024, orin tí kò bá tíì pé ìgbà 1,000 tí wọ́n gbọ́ ọ láàárín oṣù 12 kì í gba nǹkan kan lórí mástà rẹ̀. SoundCloud, tí òun náà ń gbé orin sáfẹ́fẹ́, gbé ètò míì jáde ní 2021, níbi tí owó olùgbọ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ olórin tí olùgbọ́ náà gbọ́. Ètò yẹn ni mo fara mọ́, ó sì yẹ kó tàn kálẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí owó yín dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ ra iṣẹ́ rẹ̀. Bandcamp, ilé-ìtajà orin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àpẹẹrẹ, ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó orin tí wọ́n tà, fáìlì tí ẹ sì máa gbà kò ní àgádágodo. Ẹ tún kọ̀wé sí obìnrin náà, kí ẹ bi í níbi tó fẹ́ kí ẹ ti sanwó fún òun. Àwọn olórin tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó, wọ́n sì máa ń dáhùn.