Ṣé kílò ni "ẹni tó ju ni lọ lè ju ni nù" ń sọ?

Ìbéèrè: Bàbá kan ládùúgbò wa ní Òkè-Fíà, Òṣogbo, fẹ́ràn láti máa pa á lówe pé ẹni tó ju ni lọ lè ju ni nù. Ṣé ìwọ̀n ara ni, bíi ti àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò? Kí ló dé tí wọ́n tún ń pe àwọn yẹn ní eṣinṣin àti ìyẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o, kílò kọ́. Inú "jù" méjèèjì ni adùn òwe náà wà. Ọjọ́ orí, ipò, owó, agbára, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú "jù lọ". Bàbá arúgbó tó gbẹ bí ẹ̀ka igi lè ju géńdé nù láìfọwọ́ kàn án.

Nínú ìjàkadì gan-an, a kì í gbé òṣùwọ̀n wá sí pápá. Ẹgbẹ́ là ń wò. Lọ́mọdé, tí èèyàn bá ń dá àbúrò ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn, ohun tí àgbà máa sọ ni, "Lọ wá ẹgbẹ́ ẹ mú!" Ẹgbẹ́ náà ni ti àwọn abẹ̀ṣẹ́, òṣùwọ̀n ló kàn ń bá wọn yàn án. Òyìnbó wá fi ohun fífúyẹ́ sọ àwọn tó kéré lórúkọ: eṣinṣin, bíi kílò 51; ìyẹ́, kílò 57. Ẹni tó bá ti lé ní kílò 91 ti bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó wúwo jù, kò sí òpin níbẹ̀. Ẹ má fojú orúkọ wò wọ́n o: ẹgbẹ́ ìyẹ́ ni Hogan Bassey, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà nígbà tó gba oyè àgbáyé ní Paris ní 1957.

Omi ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ ti ra ẹja yìnyín ní ọjà Ìgbọ̀nà rí? Ìyá ẹlẹ́ja á gbé Títù tó gan lé òṣùwọ̀n, ó pé kílò méjì, ẹ sanwó. Kí ẹ tó délé, yìnyín ti yọ́, omi ti kún ọ̀rá, ẹja ti fúyẹ́. Abẹ̀ṣẹ́ náà mọ̀ pé omi wúwo. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n wọ́n, nítorí náà á wọ aṣọ tó nípọn, á jókòó sínú ooru, á fi òùngbẹ sùn. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, omi àti oúnjẹ ló kàn, kí ara tó dọ̀la ti padà wúwo. Ọgbọ́n burúkú ni lójú tèmi. Ó pa Yang Jian Bing, oníjà ọmọ Ṣáínà, ní Manila ní 2015. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ONE Championship, ilé-iṣẹ́ aṣètò ìjà tó fẹ́ jà fún, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ àwọn oníjà wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi ṣì wà lára wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fún bàbá yín ní díẹ̀. Kílò 84 ni ẹgbẹ́ Israel Adesanya tí wọ́n bí ní Èkó, nínú ìjà MMA tó pa ẹ̀ṣẹ́ àti ìjàkadì pọ̀. Ní oṣù Kẹta 2021, ó gòkè lọ bá Jan Błachowicz ní ẹgbẹ́ kílò 93. Kò tilẹ̀ wá ara kún: nǹkan bíi 91 ló wọ̀n, ó sì gbé páálí písà dání lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìjà wọ apá kẹrin àti ìkarùn-ún, Błachowicz gbé e lulẹ̀. Kò jù ú nù o. Ó kàn dùbúlẹ̀ lé e ni.