Ẹ̀yìn Ń Pa Mí Lórí Pélódà, Ṣé Jẹ̀dí Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pélódà, mọ́tò ńlá tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kó òkúta, ni mò ń wà ní kúárì kan lọ́nà Abẹ́òkúta, ó ti pé ọdún 9 báyìí, ọmọ ọdún 36 ni mí. Láti bí ọdún kan ni ìdí ẹ̀yìn ti ń ro mí, tó bá di alẹ́ á sọ̀ wọ itan ọ̀tún, tí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò mi ò lè nàró bọ̀rọ̀. Àwọn ará ibiṣẹ́ ní jẹ̀dí ni, mo ti mu agbo títí. Ṣọ́kù síìtì mi ti kú, àpò símẹ́ǹtì ni mo ká sórí ẹ̀ tí mo fi ń jókòó. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Àpò símẹ́ǹtì yẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ. Bí o ṣe rò ó yìí, kò jọ jẹ̀dí lójú mi rárá, jìgìjìgì mọ́tò ló jọ.

Eegun ẹ̀yìn wa, kéékèèké tó gun ara wọn ni, nǹkan rírọ̀ bíi tìmùtìmù ló wà láàárín wọn. Tí mọ́tò bá ń gbọ̀n ẹ́ sókè sódò bí ìgbà 4 sí 6 ní sẹ́kọ́ńdù kan, ṣe ni ẹ̀yìn máa ń bá a jó, ìgbọ̀n náà á wá pọ̀ lára ju bó ṣe wà lórí síìtì lọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ ńlá ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ gbágungbàgun ò jìnnà síyẹn. Tó bá rẹ iṣan ẹ̀yìn, tìmùtìmù yẹn ló máa gbàyà jẹ, tó bá wá wú síta tó tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sẹ́sẹ̀, ohun tó ń ro ẹ́ dé itan nìyẹn. Ní Yúróòpù wọ́n ṣòfin ẹ̀ ní 2002, tí ìgbọ̀n tó ń dé ara dírẹ́bà fún wákàtí 8 bá ti wọ 0.5 m/s² (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìgbọ̀n ṣe le tó), ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe, 1.15 sì ni òpin.

Síìtì ni kó o kọ́kọ́ bá mẹkáníìkì sọ. Tó bá dáa, tó o bá jókòó sí i, á wálẹ̀ dé àárín, á ṣì láyè láti lọ sókè sódò. Nọ́ọ̀bù wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí ìwọ̀n ẹni tó ń wà á, tí ẹni tó wà á lálẹ́ bá sanra jù ẹ́ lọ, tún un sẹ́ẹ̀tì kó o tó gbéra. Èyí tí ṣọ́kù ẹ̀ ti kú á kàn máa gbá irin nísàlẹ̀, gbà, gbà, àpò ò lè dí i.

Ilẹ̀ ńkọ́? Kúárì tó ń ta sítóòn dọ́ọ̀sì tíípà-tíípà ò lè sọ pé òun ò rí nǹkan dí kòtò ọ̀nà ara òun. Fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ ha ilẹ̀ tó o ti ń ṣiṣẹ́ kó tẹ́jú láàárọ̀, dín eré kù, má sì fò sílẹ̀ látorí mọ́tò mọ́, kọjú sí i, di irin mú, sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Rìn kiri díẹ̀ kó o tó gbé nǹkan wúwo.

Lọ rí dókítà, kó fi ẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Agbo tí wọ́n fi ògógóró po kọ́ lèèyàn ń mu gun ẹ̀rọ, mo bẹ̀ ẹ́. Tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ìdí tàbí ojú ara bá ń kú tipiri, tàbí tí o ò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé ẹ lọ sí hósípítù, kò gbọdọ̀ dọ̀la.

Employee's Compensation Act ti 2010, òfin owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe, ní kí òṣìṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, torí náà tí dókítà bá ti sọ ohun tó jẹ́, má falẹ̀. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó owó yẹn, ọ̀gá ló ń dá a, wọn ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù ẹ sí i. Má fẹnu lásán sọ ọ́, kọ ọ́ síwèé, kó o ya fọ́tò síìtì yẹn tòun ti àpò símẹ́ǹtì orí ẹ̀ mọ́ ọn.